Mo fẹ́ fi amọ̀ kọ́ ilé sí abúlé wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Èkó ni mò ń gbé, àmọ́ ilẹ̀ bàbá mi wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkèihò. Mo fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta síbẹ̀, tí yóò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ níwájú àti àgbàlá láàárín bíi ti agbo ilé àtijọ́. Amọ̀ ni mo fẹ́ fi mọ ọ́n.

Owó sìmẹ́ńtì wà lára ìdí rẹ̀, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ooru gan-an ló lé mi débẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, bó bá ti di ọ̀sán nínú oṣù kẹta, abẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo wa ń sá lọ. Iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wa tí a ó fi tan fáànù.

Bíríkìlà tí mo mú lọ wo ilẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ilé alámọ̀ kò lè rọ́jú òjò mẹ́ta. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní tí mo bá fi koríko bo orí rẹ̀, òun ò ní sùn níbẹ̀ torí ejò. Ẹ dákun, ṣé amọ̀ lásán tó, àbí kí n da sìmẹ́ńtì pọ̀ mọ́ ọn? Kí ni kí n fi rẹ́ ẹ lóde? Páànù ni àbí koríko bẹẹrẹ? Ta ló sì tún mọ iṣẹ́ náà láyé ìsinsìnyí?

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Àbúrò, ẹni yẹn ò purọ́ fún ẹ. Ilé alámọ̀ tí wọ́n ti pè mí sí kì í ṣe kékeré, mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹsẹ̀ ògiri ni omi ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á tín-ín-rín nísàlẹ̀, òkè á wúwo, lóru ọjọ́ kan ẹ máa gbọ́ "gbì". Tí o bá fẹ́ràn ilé àtijọ́, fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, kí o wá fi yẹ̀pẹ̀ pupa kun ara rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ìwọ tí o wà ní Èkó, ta ni yóò máa bá ẹ tún un rẹ́?

Ìyá_Ìgbómìnà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Inú ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí lẹ́bàá Òró-Àgọ́, ilé náà ṣì wà lórí ìdúró, èèyàn ṣì ń sùn nínú rẹ̀. Ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀ ni kì í pẹ́. Ẹ lọ wo ti sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ́ tì lójú ọ̀nà, igi ti yọ lórí rẹ̀.

Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyí. Ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Wọ́n á gbẹ́ kòtò amọ̀ sí ìtòsí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ọkọ́ dà á délẹ̀dókè, àwọn ọ̀dọ́ á wá bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ gún un, orin lẹ́nu. Kò tíì tó lò lọ́jọ́ yẹn o. Wọ́n á fi ewé bò ó, á sùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bu omi sí i, wọ́n á tún gún un, títí tí kò fi ní sí kókó kan nínú rẹ̀ mọ́, tí yóò máa fà bí iyán tó kúnná. Ibi tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fò nìyẹn, torí ẹ ń kánjú, ibẹ̀ sì ni ògiri ti ń sán.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ṣù ú, á jù ú sí ẹni tó dúró lórí ògiri, onítọ̀hún á hán an, á là á mọ́lẹ̀, pàá. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Tí wọ́n bá mọ ọ́n yíká tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń dán an wò: tí ó bá ṣì ń wọlé, ẹ ò ní gbé ìpele kejì lé e. Kó tó le jù, ọ̀gá wọn á mú àdá, á máa fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀ kó lè gún régé. Èyí tó bá fá dànù, wọ́n á kó o padà sínú kòtò. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún ti di ilé.

Rírẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ àwa obìnrin ni. Ìgbẹ́ màlúù tútù, amọ̀ tí a ti sẹ́, omi. Ọwọ́ la fi ń rẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa yí po. Èyí àkọ́kọ́ á sán wẹ́wẹ́, ẹ má jáyà, ìkejì ló ń dí i. Yóò rùn fún ìgbà díẹ̀, tí ó bá gbẹ, òórùn lọ.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ọ̀gá Bíríkìlà, àìsàn tí ẹ tọ́ka sí wà lóòótọ́. Oògùn tí ẹ kọ fún un ni mi ò fara mọ́. Tí omi bá ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ ògiri kúrò níbi tí omi wà.

Àrẹ̀mọ, ibi tí ó yẹ kí owó sìmẹ́ńtì rẹ lọ nìyí. Gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀ líle, kí o fi yangí tàbí òkúta àti sìmẹ́ńtì gbé e wá sókè, kó yọ tó ìgbọ̀nwọ́ kan lórí ilẹ̀, íǹṣì 18 ó kéré tán. Tẹ́ nylon tó nípọn sórí rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ amọ̀, kí omi ilẹ̀ má lè fà gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta sí ara ògiri. Kí ilẹ̀ yíká ilé sì dà kúrò lọ́dọ̀ ilé, kí àgbàrá rí ọ̀nà lọ. Tí o bá ṣe gbogbo èyí, ìyókù kò le.

Àgbàlá tí o fẹ́, fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Kí ògiri ilé náà tó gùn dojú kọ àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa lu ògiri tó gùn. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kí ooru tó gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn á ti wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ooru yẹn náà ni yóò máa tú jáde lóru, nítorí náà ṣí ihò atẹ́gùn sókè, lábẹ́ òrùlé gan-an, lápá méjèèjì. Tí kò bá sí ihò atẹ́gùn, ẹ ó pè mí lóru pé mo tàn yín jẹ.

Ní ti amọ̀ lásán tàbí sìmẹ́ńtì, dán ilẹ̀ rẹ wò ná. Gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú tí nǹkan ọ̀gbìn ń fẹ́, nítorí ewé jíjẹrà wà nínú ìyẹn. Bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ìdajì ìgò ońrọ́bà tó mọ́ gaara, da omi kún un, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mì í dáadáa, kí o gbé e síbì kan di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á sùn sísàlẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú á sùn lé e, amọ̀ gan-an á wà lókè. Tí iyanrìn bá tó bíi ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún, tí amọ̀ tó bíi ìdá kan, ilẹ̀ rẹ dára. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, yóò sán. Ìgbà yẹn ni o máa fi iyanrìn àti koríko gígé kún un. Bí iyanrìn bá pọ̀ jù, kò ní dì mọ́ra.

Tí o kò bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìpele bí Ìyá wa ṣe sọ, ọ̀nà mìíràn ni bíríkì tí a fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀. Ìlú Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù, CINVA-Ram, ní àwọn ọdún 1950. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, sìmẹ́ńtì bí ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ènìyàn á fi apá fa irin rẹ̀ wálẹ̀, bíríkì á jáde. Wọn kì í sun ún, nítorí náà kò sí pé à ń gé igi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NBRRI, tó ní ibùdó ní Òtà, ti ń polongo irú bíríkì yìí tipẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ fún ẹ pé iṣẹ́ tálákà ni, ní kí ó lọ sí Ìbàdàn, kó wo ilé ìjọsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, ní Sámóńdà. Demas Nwoko ló yà á. Yẹ̀pẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ló fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, ó pè é ní latcrete. Ní 2023, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹnu yín dùn, àmọ́ ẹ kì í dúró sójú oòrùn. Ẹ ò sọ fún ọmọ yìí pé tí amọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí ẹ ní kó dà sí i kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn ni sìmẹ́ńtì ń bá rẹ́. Ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọkọ́, lime, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun di lẹ́búlẹ́bú, ló ń fẹ́, ta ló ń ta lime ní Òkèihò?

Ẹ ò tún sọ pé bíríkì yẹn kò gbọdọ̀ tètè gbẹ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á sá a sóòrùn bí èlùbọ́, á wá di pé wọ́n gbá a mú, ó fọ́. Inú ibòòji ni kó wà, kí wọ́n fi tapólì bò ó, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí wọ́n tún fi í sílẹ̀ di ìparí oṣù kí wọ́n tó kó o lé ògiri.

Àrẹ̀mọ, tí o bá kọ̀ jálẹ̀ pé amọ̀ lo fẹ́, ó dáa. Jẹ́ kó gbẹ dénú, kó lo ẹ̀ẹ̀rùn kan, kan ìṣó mọ́ ọn, na wáyà oníhò sí i, kí o wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lóde. Ìyẹn ni mò ń ṣe fún àwọn èèyàn.

Àdùkẹ́_Devon

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́! Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, ní Devon, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ilé alámọ̀ ló kún ibí. Cob ni wọ́n ń pè é: yẹ̀pẹ̀, koríko gbígbẹ, omi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á kó o lé ara wọn ní ìpele-ìpele lórí ìpìlẹ̀ òkúta. Bí Ìyá wa ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹnu yà mí nígbà tí mo kà á. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní 500 ọdún, èèyàn ń gbé inú wọn, owó ńlá ni wọ́n sì ń tà á.

Ohun tó ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ni sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ wọn láyé òde òní. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Wọn kì í wú pọ̀, wọn kì í sún pọ̀. Ó ń sán tín-ín-tín níbi tí ojú kò rí, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ á di ẹrẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì. Lóde ẹ ó rò pé ilé dára. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, sìmẹ́ńtì yẹn ló ń la ẹnu rẹ̀. Lime ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ níbí báyìí, tàbí amọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Àdùkẹ́, Devon kì í ṣe Ọ̀ṣun. Wá sí Ìbàdàn, kí o wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó yí Ọjà'ba ká, èyí tí àwọn bàbá wa kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Àgùdà ti Brazil dé tí wọ́n kọ́ wa ní ọnà tuntun. Amọ̀ ni inú, sìmẹ́ńtì ni òde, òdòdó àti ọnà lójú fèrèsé. Ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bí èmi.

Ayàwòrán_Ilé

Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn tó ṣì dúró, ẹ wo orí wọn, páànù wọn kò jò. Níbi tí páànù bá ti jò, ẹ ó rí i bí sìmẹ́ńtì ṣe ń bó ní abala-abala. Fún ẹni tí kò ní sí nílé láti rí jíjò náà kíákíá, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn sìmẹ́ńtì. Amọ̀ tó sán, ojú á rí i lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, láti Kétu ní ilẹ̀ Benin. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ wo ẹnu ibodè Àkàbà Ìdénà, amọ̀ ni, ogun ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti omi èèpo èso igi irú. Tí ìyàwó yín bá ti ja kóró irú tán, ẹ má da èèpo rẹ̀ nù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi tàbí kí ẹ sè é, omi pupa dúdú ló ń jáde lára rẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sí ògiri tí ẹ ti rẹ́, ó máa ń mú kó le, omi òjò á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Burkina Faso ní Tiébélé ń fi í dán ara ilé aláwọ̀ mèremère wọn; UNESCO kọ ààfin ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2024. Igi irú pọ̀ ní Òkè-Ògùn ju ọ̀dọ̀ wa lọ.

Ìyá_Ìgbómìnà

Ọmọ Kétu, o káre. A máa ń fi í dán ilẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n kó má ṣe lò ó kí ògiri tó gbẹ o, yóò kàn bó ni.

Abọ́lé_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ òrùlé, torí gbogbo yín ń yẹra fún un. Ìdílé abọ́lé ni mo ti wá. Bẹẹrẹ dára. Tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo ìlú ló ń kó o wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, òun náà ni wọ́n ń pè ní Ọdún Bẹẹrẹ. Abẹ́ bẹẹrẹ tutù, òjò kì í pariwo lórí rẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Kí ilé bẹẹrẹ tó pẹ́, òrùlé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, dígírì 45, kí omi má baà ráyè dúró. Ilé òde òní ń fẹ́ òrùlé pẹlẹbẹ, òun ló ń jẹ́ kí koríko jẹrà. Ìkejì, láyé àtijọ́ inú ilé la ti ń dáná, èéfín ló ń lé kòkòrò inú koríko. Ẹ̀yin ẹ fẹ́ lo gáàsì ní kíṣìnnì, ẹ wá ń retí pé kí bẹẹrẹ pẹ́ bíi ti bàbá yín. Kòkòrò á jẹ ẹ́, eku á tẹ̀ lé kòkòrò, ejò á tẹ̀ lé eku. Ìyá rẹ mọ ohun tó ń sọ.

Ìkẹta ni iná. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ìwọ kì í ṣe ọba, àbúrò. Bẹẹrẹ gan-an ti wọ́n lórí ilẹ̀, wọ́n ń tètè dáná sungbó, ẹran ń jẹ ìyókù. Ìmọ̀ràn mi: bo ibi tí o ó máa gbàlejò ní ìta, èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ilé, ní bẹẹrẹ. Kan páànù sórí ilé.

Àdùkẹ́_Devon

Ìyẹn tọ̀nà. Níbí náà, owó ìbánigbófò ilé tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀ wọ́n gan-an ju ti àwọn tó kù lọ, iná ló fà á.

Àrẹ̀mọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Páànù ni yóò jẹ́, ìyá mi ti ní kí n kí Abọ́lé_Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n páànù náà ni ooru ilé ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá o. Ṣé mi ò ti padà síbi tí mo ti ń sá?

Mo ní kí àbúrò mi ṣe ti ìgò lábúlé. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: iyanrìn ju ìdajì lọ dáadáa, amọ̀ orí rẹ̀ tó bíi ìbú ìka méjì nínú ìgò lítà kan ààbọ̀. Ó tún ní òkìtì ọ̀gán ńlá méjì wà lórí ilẹ̀ náà, ṣé kí àwọn fọ́ ọ?

Ayàwòrán_Ilé

Ilẹ̀ rẹ dára. Amọ̀ rẹ tó, iyanrìn rẹ tó, o lè mọ ìpele láì fi sìmẹ́ńtì sí i rárá.

Ti páànù, àjà ni ìdáhùn. Má kan páànù lé orí yàrá láìsí nǹkan láàárín. Àwọn bàbá wa mọ èyí: wọ́n á to igi lé orí ògiri, wọ́n á tẹ́ ọparun tàbí pàǹtí igi lé e, wọ́n á wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Bí iná bá jó koríko òkè, ẹrù inú yàrá ò ní jó. Tìrẹ, ooru ni yóò máa dá dúró. Kí àyè wà láàárín àjà àti páànù, kí o ṣí i sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ máa gbá ooru páànù lọ. Ayàwòrán ilé kan, Francis Kéré, ṣe irú rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ sí abúlé rẹ̀, Gando, ní Burkina Faso ní 2001: bíríkì amọ̀, àjà amọ̀ tó ní ihò, páànù tí wọ́n gbé sókè kúrò lórí rẹ̀. Ní 2022 wọ́n fún un ní Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé. Fi àwọ̀n dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àdán má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ìyá_Ìgbómìnà

Kí wọ́n fọ́ ọ̀gán náà, kí wọ́n má ta á fún ẹnikẹ́ni! Amọ̀ ọ̀gán ni ó kúnná jù fún rírẹ́ ògiri àti ilẹ̀ ilé. Kí wọ́n gún un, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi.

Oníṣẹ́_Pákó

Ọ̀gán méjì lórí ilẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó bi í nípa igi! Àrẹ̀mọ, ikán wà lọ́dọ̀ yín, ikán ni yóò jẹ òrùlé rẹ kí òjò tó jẹ ògiri rẹ. Amọ̀ kì í dá ikán dúró, inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbà gòkè. Nylon yẹn náà kò tó wọn. Fi páànù pẹlẹbẹ tẹ́ orí ìpìlẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀ síta kí ó sì tẹ̀ wálẹ̀, kí o lè máa rí ihò tí wọ́n bá ń mọ gòkè, kí o sì máa gbá a dànù.

Fún àtẹ́rígbà àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ayìn ni kó o wá. Òun ni ikán kì í fẹ́ rí, ó sì wà ní Òkè-Ògùn. Igi apá náà dára, irókò náà dára, àmọ́ kí o bi àwọn ọ̀gá igbó kí o tó gé e, má wulẹ̀ torí pé igi wà lóko bàbá rẹ. Igi tíìkì tí wọ́n gbìn dára fún òrùlé, inú rẹ̀ pupa ni kí o mú, kí o má gba èyí tó jẹ́ funfun. Àtẹ́rígbà kò gbọdọ̀ kúrú: kí ó wọ inú ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan lápá kọ̀ọ̀kan, kíkúrú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí igun fèrèsé alámọ̀ máa sán. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fi kun igi.

Má gbé òpó lélẹ̀ lásán. Lé e lórí òkúta.

Ayàwòrán_Ilé

Ọ̀gá Pákó, mo dúpẹ́ fún ti páànù yẹn. Àmọ́ ọ́ìlì mọ́tò, má fi kun ohun tó wà nínú yàrá o, òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń sùn níbẹ̀, ó sì ń tètè gbiná. Òrùlé nìkan.

Oníṣẹ́_Pákó

Mo gbà. Ó dáa kí n tún sọ èyí: tí owó bá kù sọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ẹnì kan gbẹ́ òpó méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkéré-Èkìtì, iṣẹ́ tó ń gbé ilé dúró ni. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní London ní 1924, wọn ò dá a padà mọ́, ó wà ní British Museum títí di òní. Àwọn agbẹ́gi ṣì wà, iṣẹ́ ni wọn ò rí ṣe.

Àrẹ̀mọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣé gan-an. Ó ku àgbàlá. Omi òjò inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ sábẹ́ ògiri.

Ìyá_Ìgbómìnà

Àgbàlá gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká lọ. Kó dà sí igun kan, kí ojú omi wà níbẹ̀ tó gba abẹ́ ògiri jáde. Láyé wa ìkòkò ńlá la ń gbé sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi yẹn la fi ń fọṣọ.

Ayàwòrán_Ilé

Kí ẹ fi ike ńlá rọ́pò ìkòkò, kí ó ní ìdérí àti àwọ̀n torí ẹ̀fọn. Ibi tí omi gbà jáde, fi sìmẹ́ńtì àti páìpù oníke tó fẹ̀ ṣe é, má ṣe sinmi lé amọ̀ níbẹ̀. Fi ìdérí sí ẹnu páìpù náà, kó o lè máa ṣí i yọ ewé kúrò.

Ilẹ̀ àgbàlá, má da kọnkéré sí i, yóò máa tan ooru sí ẹ lójú. Àpáàdì ni Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ ilẹ̀ wọn, wọ́n tò ó ní ìdúró, kí etí rẹ̀ kọjú sókè, àwọn mìíràn pẹ̀lú òkúta funfun láàárín rẹ̀, ó wà nínú ilẹ̀ títí di òní. Lọ bá àwọn amọ̀kòkò tó wà ní agbègbè yín, ìkòkò tó fọ́ kì í wọ́n.

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Ó dáa, ó dáa, ẹ ti borí mi ní ti ìpìlẹ̀. Ti sìmẹ́ńtì lóde, mi ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo owó. Amọ̀ ọ̀fẹ́ ni, èèyàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìpele kan á gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, ó túmọ̀ sí pé àwọn òṣìṣẹ́ á máa jókòó. Tí o bá ń san owó ojúmọ́ fún wọn, ilé yìí á wọ́n ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Ìyá_Ìgbómìnà

Ta ló ń san owó ojúmọ́? Ọ̀wẹ̀ ni kó bẹ̀. Kó pa ewúrẹ́, kí wọ́n gún iyán, kí ẹmu pọ̀. Àna rẹ̀ ńkọ́?

Abọ́lé_Ọ̀yọ́

Ìyá, àwọn àna ìsinsìnyí wà ní Canada.

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Kó má san owó ojúmọ́. Kí ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan ní ìpele-ìpele, kí ó san iye kan lórí ìpele kọ̀ọ̀kan tí ó bá gún. Kí wọ́n máa pààrọ̀: bí apá kan ilé bá ń gbẹ, kí wọ́n máa gún amọ̀ ti apá kejì. Àwọn àgbàlagbà tó mọ ọ́n ṣì wà ní àwọn abúlé náà, kó wá méjì nínú wọn kí wọ́n jókòó ṣe ọ̀gá, kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá. Bí oṣù kẹta bá fi bá a tí kò tíì kan páànù, kí ó fi tapólì bo orí gbogbo ògiri rẹ̀.

Kí ó sì kọ́kọ́ mọ ògiri kékeré kan lọ́tọ̀ ní àìpẹ́ yìí, kó fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ apá kan, kó fi sìmẹ́ńtì orí wáyà rẹ́ apá kejì, kí òjò ọdún yìí dá ẹjọ́ láàárín èmi àti Àdùkẹ́.

Àdùkẹ́_Devon

Mo gbà! Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí ibí.

Àrẹ̀mọ_Ìṣẹ́yìn

Mo ti ní kí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gún amọ̀ lọ́la. Apá ibo ni kí a kọ ojú ògiri ìdánwò náà sí?

Bíríkìlà_Ọ̀ṣogbo

Ìlà-oòrùn ni òjò oníjì ti ń wá lọ́dọ̀ yín. Jẹ́ kí ìdajì ìgbẹ́ màlúù àti ìdajì sìmẹ́ńtì wà ní ojú kan náà, kí àwọn méjèèjì jọ kọjú sí i. Má fi nǹkan kan bò wọ́n lórí o, Àdùkẹ́ á ní mo ṣe màgòmágó.